Títọ́jú owó ara ẹni nínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán: ẹ kó ohun tẹ́ ẹ mọ̀ wá síbí

Ìwé_Pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè lórí hledger, Ledger àti Beancount, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò owó láti inú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, kì í tán nílẹ̀, ìdáhùn wọn sì fọ́n ká. Ẹ jẹ́ ká kó wọn jọ síbí, kó lè rọrùn fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Màá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ wá máa fi tiyín kún un.

Ledger ni bàbá wọn. John Wiegley ló gbé e jáde ní 2003. Simon Michael bẹ̀rẹ̀ hledger ní 2007, èdè Haskell ló fi kọ ọ́. Martin Blais ló kọ Beancount, Python sì ni tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlànà ìkọ̀wé Ledger àti ti hledger fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, ti Beancount ló yàtọ̀ díẹ̀. hledger ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń sọ ìlà tí àṣìṣe wà àti ohun tó fà á.

Òfin kan ló di gbogbo rẹ̀ mú: nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá ro gbogbo ìlà pọ̀, òdo ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Owó kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ibì kan ló ti kúrò, ibì kan ló sì wọ̀ sí. Ẹ kọ ibi méjèèjì sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni ti ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀:

```
2025-01-01 * Ohun tó wà nílẹ̀
    dukia:banki      1200.00 USD
    dukia:apo          60.00 USD
    gbese:kaadi      -340.00 USD
    ibere
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn kò ní iye, hledger fúnra rẹ̀ ló máa ṣírò rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ kan lẹ lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ nìyí: àlàfo méjì, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ wà láàárín orúkọ àkáǹtì àti iye owó. Àlàfo kan lè wà nínú orúkọ àkáǹtì, nítorí náà bí ẹ bá fi ẹyọ kan sílẹ̀, ètò náà máa gbà pé `dukia:apo 60.00 USD` lódindi ni orúkọ. Ìlà yẹn á wá di aláìníye. Bí ìlà mìíràn náà bá ṣófo, hledger á pariwo. Àmọ́ bí kò bá sí òmíràn tó ṣófo, á ṣírò iye rẹ̀ láti ara àwọn yòókù, kò ní sọ nǹkan kan, àkáǹtì àjèjì kan á sì jókòó sínú ìwé yín. Ẹ máa wo `hledger accounts` lóòrèkóòrè, ojú yín á rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Owó oṣù, ẹ má kọ iye tó wọ báǹkì nìkan. Ẹ kọ odindi rẹ̀, kí ẹ tó yọ ohun tí wọ́n yọ:

```
2025-01-31 * Owó oṣù
    dukia:banki        2310.00 USD
    inawo:owo-ori       480.00 USD
    dukia:ifeyinti      210.00 USD
    owowole:osu       -3000.00 USD
```

Ẹ má jẹ́ kí àmì àyọkúrò tó wà níwájú 3000 bà yín lẹ́rù. Ibi tí owó ti jáde wá ni `owowole`, ìdí nìyẹn tó fi ń fi àyọkúrò hàn. Bí ẹ bá pa àṣẹ `hledger is`, á yí àmì náà padà kó lè rọrùn láti kà. `hledger bs` ló ń fi dúkìá àti gbèsè hàn, `hledger reg dukia:banki` sì ń to gbogbo ohun tó kan báǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tó ń ṣẹ́ kù.

---

Àmì_Ohùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ Yorùbá tẹ́ ẹ lò fún àkáǹtì wù mí gan-an, àmọ́ bí mo bá pa àṣẹ `hledger bs`, òfìfo ló ń jáde. `hledger bal` ní tirẹ̀ ń fi gbogbo nǹkan hàn. Kí ló fà á? Ṣé mo sì lè fi àmì ohùn sí orúkọ wọn?

---

Ìlà_Kejì:

Orúkọ bíi `assets`, `liabilities`, `income` àti `expenses` ni hledger dá mọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní `dukia`, kò mọ̀ pé dúkìá ni, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Ẹ kó èyí sórí fáìlì:

```
decimal-mark .
commodity 1,000.00 USD
account dukia    ; type:A
account gbese    ; type:L
account ibere    ; type:E
account owowole    ; type:R
account inawo    ; type:X
```

A dúró fún dúkìá, L fún gbèsè, E fún ìbẹ̀rẹ̀, R fún owó tó ń wọlé, X fún ìnáwó. Níbí náà, àlàfo méjì gbọ́dọ̀ wà ṣáájú àmì `;`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlàyé yín á di ara orúkọ. Àwọn ọmọ àkáǹtì bíi `dukia:banki` máa jogún irú ti òbí wọn.

Ẹ má fo ìlà `decimal-mark` yẹn dá. Láìsí òun tàbí ìlà `commodity`, bí ẹnì kan bá kọ `1,000 USD`, hledger kò mọ̀ bóyá ẹgbẹ̀rún kan ni tàbí ẹyọ kan tó ní òdo mẹ́ta lẹ́yìn àmì. Ẹyọ kan ló máa kà á sí. Ẹgbẹ̀rún á di ẹyọ kan, ìṣirò á sì bára mu, torí pé ìlà kejì tó ṣófo á gba ẹyọ kan náà.

Ní ti àmì ohùn: hledger gbà á, àmọ́ ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi sí orúkọ àkáǹtì. Lẹ́tà `ẹ` ní ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1EB9, ó sì lè jẹ́ `e` tí àmì U+0323 tẹ̀lé. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú hledger, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Pátákó ìtẹ̀wé fóònù lè kọ ti àkọ́kọ́, kí ti kọ̀ǹpútà kọ ìkejì, owó oúnjẹ yín á wá pín sí àkáǹtì méjì tí ẹ kò lè fojú yà sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àkáǹtì wà láìlámì, kí ẹ fi àmì sí àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú, `uconv -x any-nfc` máa sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo. Kódà nínú àlàyé, bí ẹ bá ń wá `desc:bàtà` tí kò sì jáde, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

---

Òǹkà:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí káàdì gbèsè, torí pé ibẹ̀ ni ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka ìnáwó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ra nǹkan ni ìnáwó wáyé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ san gbèsè káàdì, ẹ kò ná nǹkan kan, owó kàn ṣí kúrò ní báǹkì láti dín gbèsè kù ni.

```
2025-02-04 * Bàtà
    inawo:aso        80.00 USD
    gbese:kaadi

2025-02-20 * Sísan gbèsè káàdì
    gbese:kaadi     300.00 USD
    dukia:banki
```

Bí ẹ bá rí `inawo:kaadi` nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ó dájú pé nǹkan ti wọ́. Èlé tí wọ́n bá kà lé gbèsè náà nìkan ló jẹ́ ìnáwó, `inawo:ele` sì ni àyè rẹ̀.

Bákan náà ni owó ẹ̀yáwó. Bí ẹ bá ń san 500 lóṣù, tí 120 nínú rẹ̀ jẹ́ èlé, 380 ló lọ sórí ojú owó. Ìlà mẹ́ta ni: `gbese:eyawo` 380, `inawo:ele` 120, `dukia:banki` -500. Ìpín yìí kì í dúró lójú kan. Bí ojú owó ṣe ń dín kù ni èlé náà ń dín kù, nítorí náà ẹ máa wo ìwé tí ayánilówó bá fi ránṣẹ́, ẹ má ṣe da ti oṣù tó kọjá kọ.

Owó tí ilé ìtajà dá padà fún yín kì í ṣe owó tó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sí àkáǹtì ìnáwó tó ti jáde, pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Owó tẹ́ ẹ yá èèyàn, dúkìá ni: `dukia:ajigbese:` àti orúkọ onítọ̀hún. Bó bá dá a padà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bó bá wá hàn gbangba pé kò ní san án mọ́, ìgbà yẹn lẹ tó lè gbé e lọ sí ìnáwó.

---

Adáṣeé:

Ìbéèrè kékeré: ṣé dandan ni ká kọ gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tá a fi owó ọwọ́ rà?

---

Òǹkà:

Ní tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun wẹ́wẹ́ ló ń gbé owó lọ.

---

Ìlà_Kejì:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, àmọ́ mi ò gbà. Ẹni tó bá ní òun máa kọ gbogbo ohun wẹ́wẹ́ sábà máa ń pa ìwé náà tì láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ kọ ohun tó tóbi, lẹ́yìn náà kí ẹ ka owó àpò yín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí hledger ṣírò ìyókù:

```
2025-02-09 * Kíka owó àpò
    dukia:apo       = 42.00 USD
    inawo:weere
```

Àmì `=` tí kò ní iye níwájú túmọ̀ sí pé "ohun tó kù lápò nìyí". Ìyàtọ̀ gbogbo á bọ́ sí `inawo:weere`. Ìkìlọ̀ kan rèé: bí ẹ bá padà lọ fi àkọsílẹ̀ owó ọwọ́ mìíràn sí ọjọ́ tó ti kọjá, iye `weere` yẹn á yí padà láìsọ fún yín. Nítorí náà, owó àpò nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Ẹ má ṣe dán an wò lórí báǹkì láéláé.

---

Ìwé_Pé:

Òótọ́ ni, ó sì gbé mi dé ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Pé àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo kò fi hàn pé òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé àkọsílẹ̀ kan pátápátá, ìwé yín á ṣì bára mu rẹ́gírẹ́gí. Ẹ̀rí ló máa tú u fó. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ wo iye tó gbẹ̀yìn nínú sítétímẹ́ǹtì báǹkì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí:

```
2025-02-28 * Ẹ̀rí láti inú sítétímẹ́ǹtì
    dukia:banki    0.00 USD = 1846.35 USD
```

Láti ìgbà yẹn lọ, àṣẹ èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá pa, hledger á kọ́kọ́ wò ó bóyá `dukia:banki` jẹ́ 1846.35 lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á dúró, á sì sọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ irú rẹ̀ fún gbogbo àkáǹtì tó ní sítétímẹ́ǹtì, títí kan káàdì àti ẹ̀yáwó. Ìwé tí kò ní ìlà ẹ̀rí, àbá lásán ló jẹ́.

Bí ìyàtọ̀ bá jáde, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí iye ìyàtọ̀ náà darí yín. Bó bá bá iye àkọsílẹ̀ kan mu gẹ́lẹ́, ẹ ti fo ọ̀kan tàbí ẹ kọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdajì rẹ̀ bá bá iye kan mu, àmì ló yí: ohun tó yẹ kó jẹ́ -80 tẹ́ ẹ kọ ní 80 máa fa ìyàtọ̀ 160. Ẹ pa àṣẹ `hledger reg dukia:banki amt:80` kí ẹ rí i. Bó bá ṣeé fi 9 pín láìkù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló gbàyè ara wọn, bíi 63 tó di 36, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Òdo kan tó lé tàbí tó dín náà ń fi 9 hàn: 500 tó di 50 máa fa ìyàtọ̀ 450. Bí kò bá sí èyí tó bá a mu, ẹ fi ìlà ẹ̀rí mìíràn sí àárín oṣù. Ẹ óò mọ ìdajì tí àṣìṣe wà, kí ẹ tún dá ìdajì yẹn sí méjì, títí ọwọ́ yín á fi tẹ̀ ẹ́.

---

Adáṣeé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì CSV (àtẹ tó fi kọ́mà pín ọ̀rọ̀) tí báǹkì ń jẹ́ ká wà sílẹ̀ ńkọ́? Títẹ gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ le.

---

Ìlà_Kejì:

Ẹ kọ fáìlì òfin kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí CSV bá ń jẹ́ `banki.csv`, òfin rẹ̀ á máa jẹ́ `banki.csv.rules`:

```
skip         1
fields       date, description, amt, iyoku
date-format  %d/%m/%Y
amount       %amt USD
balance      %iyoku USD
account1     dukia:banki

if MARKET|GROCER
  account2 inawo:ounje
```

`skip 1` ń fo àkọlé orí kọ́lọ́ọ̀mù. Ìlà `balance` ni ẹ̀bùn tó dára jù níbẹ̀: bí báǹkì bá ń kọ iye tó kù síwájú ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa di ẹ̀rí láìsí wàhálà. Bí báǹkì yín bá ń to ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tuntun sí ọjọ́ àtijọ́, ẹ fi `newest-first` kún òfin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lè yí ipò padà, ẹ̀rí á sì kùnà. Bí owó tó wọlé àti owó tó jáde bá wà ní kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ pè wọ́n ní `amount-in` àti `amount-out` nínú `fields`, kí ẹ yọ ìlà `amount` kúrò, kí ẹ yọ `USD` kúrò lára ìlà `balance`, kí ẹ sì fi `currency USD` sí i.

Bí òfin `if` méjì bá bá ìlà kan náà mu, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló borí. Nítorí náà, ẹ kọ èyí tó gbòòrò sókè, kí ẹ kọ èyí tó ṣe pàtó sísàlẹ̀. Ohun tí kò bá òfin kankan mu á lọ sí `expenses:unknown` tàbí `income:unknown`, ẹ wá á níbẹ̀ kí ẹ fi òfin kún un.

Ẹ kọ́kọ́ pa àṣẹ `hledger import --dry-run banki.csv`, ẹ kà á, kí ẹ tó pa á láìsí `--dry-run`. Á kó àwọn tuntun wọ ìparí ìwé yín. Fáìlì kan tó fara pamọ́, `.latest.banki.csv`, ló fi ń rántí ọjọ́ tó dé gbẹ̀yìn. Ohun méjì ló máa ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá ń yí orúkọ CSV padà lóṣooṣù, kò ní rántí mọ́, ohun tó wà nínú fáìlì méjèèjì á sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ `banki.csv` nígbà gbogbo. Èkejì: bí báǹkì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohun kan kún ọjọ́ tó ti kọjá, import á fò ó, ìlà ẹ̀rí ló máa tú u síta.

Ẹ má fi Excel ṣí CSV náà kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ padà. Ó lè yí bí wọ́n ṣe kọ ọjọ́ padà, ó sì máa ń yọ òdo iwájú nọ́ńbà kúrò. Bí hledger bá sì ní òun kò lè ka àwọn lẹ́tà kan, ó ṣeé ṣe kí fáìlì náà má jẹ́ UTF-8 (ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà). Ẹ gbìyànjú `iconv -f ISO-8859-1 -t UTF-8`.

---

Òǹkà:

Kí n fi èyí kún un. Bí ẹ bá ń kó CSV àkáǹtì méjì wọlé, tẹ́ ẹ sì fi owó ránṣẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì, báǹkì méjèèjì ló máa kọ ọ́. Ìdúnàádúrà kan á di méjì. Ẹ dá àkáǹtì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ `dukia:lona`, owó tó ṣì wà lọ́nà. Òfin ti àkọ́kọ́ á kó 200 sínú rẹ̀, òfin ti èkejì á kó 200 jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dé, òdo ni `lona` gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá dúró sórí iye kan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ pe báǹkì.

---

Python_Ni_Tèmi:

Fún àwa tá à ń lo Beancount: ó le ju hledger lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí àkáǹtì tẹ́ ẹ lè lò láì kọ́kọ́ fi `open` ṣí i, nítorí náà àṣìtẹ̀ orúkọ kò rọ́nà wọlé. Lẹ́tà ńlá ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ orúkọ. Ẹ̀yin náà lè fi Yorùbá pe àwọn orí márààrún:

```
option "name_assets" "Dukia"
option "name_expenses" "Inawo"
2025-01-01 open Dukia:Banki USD
2025-03-01 balance Dukia:Banki 1846.35 USD
```

Ẹ wo ọjọ́ orí `balance` yẹn dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ni Beancount ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iye tó kù ní ìparí 28 oṣù kejì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Ẹni tó bá ti hledger wá máa ń ṣì í, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn á sì di ìyàtọ̀.

`pad` wà tó ń fi ohun tó bá dín kún un kí `balance` lè bára mu. Ẹ lò ó fún ìbẹ̀rẹ̀ ìwé nìkan. Bí ẹ bá lò ó ní àárín ọdún, àṣìṣe lẹ bò mọ́lẹ̀ yẹn. `bean-check iwe.beancount` ni kí ẹ fi yẹ fáìlì wò, kí ẹ wá pa àṣẹ `fava iwe.beancount`, kí ẹ sì ṣí `localhost:5000` láti rí gbogbo rẹ̀ lójú ìwé aláwòrán.

---

Àmì_Ohùn:

Owó orílẹ̀-èdè méjì ńkọ́?

---

Ìwé_Pé:

Ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ kọ iye méjèèjì tó wà lórí ìwé ẹ̀rí: `dukia:euro  100.00 EUR @@ 109.00 USD`. `@@` ni odindi iye, `@` ni iye ẹyọ kan. Odindi ni kí ẹ máa lò, torí pé iye ẹyọ kan ti sábà máa ń ní ìgékúrò nínú, sẹ́ńtì kan á sì dín.

Láti mọ ohun tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lónìí, ẹ kọ ìlà bíi `P 2025-03-05 EUR 1.08 USD`, kí ẹ sì pa àṣẹ `hledger bs -X USD`. Láìsí ìlà `P`, kò ní yí i padà, àfi tẹ́ ẹ bá fi `--infer-market-prices` kún un, kó lè lo iye tó wà lára `@` àti `@@`.

---

Adáṣeé:

Tó bá jẹ́ pé fáìlì yìí ni gbogbo ìtàn owó mi, níbo ni kí n tọ́jú rẹ̀ sí?

---

Python_Ni_Tèmi:

Nínú git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tẹ́ ẹ bá ṣe sí fáìlì), lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ ní ẹ̀dà tí wọ́n ti fi `gpg` tàbí `age` tì pa sí ibòmíràn. Ẹ má gbé e sí ibi tí gbogbo ayé lè rí, ẹ má sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì sínú orúkọ àkáǹtì. Lẹ́yìn import kọ̀ọ̀kan, ẹ wo `git diff` kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

---

Ìlà_Kejì:

Kí ẹ sì jẹ́ kí git fúnra rẹ̀ máa ṣọ́nà. Ẹ kọ èyí sínú `.git/hooks/pre-commit`:

```
#!/bin/sh
hledger -f iwe.journal check --strict
```

Lẹ́yìn náà, `chmod +x .git/hooks/pre-commit`, bí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, git kò ní pè é rárá. `--strict` máa kọ àkáǹtì èyíkéyìí tẹ́ ẹ kò fi ìlà `account` kéde, títí kan àwọn ọmọ àkáǹtì, á sì kọ irú owó tẹ́ ẹ kò kéde. Ẹ kọ́kọ́ pa àṣẹ `hledger accounts --undeclared` kí ẹ rí gbogbo èyí tó kù láti kéde. Bí `inawo:onuje` bá wà láàárín wọn, ẹ tún un kọ, ẹ má ṣe kéde rẹ̀.